Kí wọ́n tó sọ pé ọmọ yín ní ADHD, ẹ wo oṣù tí ẹ bí i

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń lọ sílé ìwé ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. ADHD ni ìṣòro tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè fọkàn sí nǹkan tàbí kó jókòó jẹ́ẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ni gbèdéke ọjọ́ orí tí ọmọ fi ń wọlé ìwé. Ọmọ tí ẹ bí níparí oṣù Kẹjọ yóò bá èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan gbáko jù ú lọ jókòó ní kíláàsì kan náà. Lára ọmọ ọdún márùn-ún, ọdún kan kì í ṣe kékeré.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018 rí i pé nínú 10,000 ọmọ tí wọ́n bí lóṣù Kẹjọ ní àwọn ìpínlẹ̀ náà, nǹkan bí 85 ni wọ́n ní ó ní ADHD. Nínú àwọn ọmọ oṣù Kẹsàn-án, nǹkan bí 64 ni. Níbi tí gbèdéke kò ti sí lọ́jọ́ yẹn, ìyàtọ̀ náà kò hàn. Ní British Columbia ní Kánádà, ìparí oṣù Kejìlá ni gbèdéke wọn, àwọn ọmọ oṣù Kejìlá ló sì ń fara gbá a níbẹ̀. Àìsàn wo ló ń tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà ilé ìwé?

Inú fọ́ọ̀mù ni nǹkan ti ń bà jẹ́. Nínú Vanderbilt, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yẹ ọmọ wò fún ADHD, òbí àti tíṣà ń fi 0 sí 3 díwọ̀n ìwà kọ̀ọ̀kan. 2 tàbí 3 ni wọ́n ń kà, mẹ́fà nínú ìwà mẹ́sàn-án tó wà ní ìsọ̀rí kan sì lè gbé ọmọ dé ojú ìlà. Fọ́ọ̀mù náà sọ pé kí a fi ọjọ́ orí ọmọ wò ó, ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó tì í ni tíṣà ń rí. Òbí tí wọ́n ti pè lẹ́ẹ̀mẹta sílé ìwé náà yóò wá fi ẹnu tíṣà kọ tirẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì a di ẹyọ kan.

Nítorí náà, ẹ kọ tiyín kí ẹ tó ka ti tíṣà. Ẹ kọ ọjọ́ ìbí ọmọ gàdàgbà sókè fọ́ọ̀mù méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò, kí ẹ sì kọ aago tó ń sùn àti èyí tó ń jí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: ọmọ tí kò sun oorun tó kì í lè jókòó jẹ́ẹ́.

ADHD wà lóòótọ́, oògùn sì ń ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́. Bí ọmọ yín bá ti ń lò ó, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbé ìbéèrè yìí lọ.