Àjẹkù Àwọn Ọmọ: Bí Mo Ṣe Dín Kílò 7 Kù Lẹ́yìn Ọmọ Kẹta

Nígbà tí ọmọ mi kẹta pé oṣù mẹ́sàn-án, tí mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo gun òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, mo sì rí i pé mo ti di kílò 84. Kílò 71 ni mo wọ̀n nígbà tí mo ṣe ìgbéyàwó. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ti fi kílò bíi mẹ́rin sílẹ̀ sí mi lára, n kò sì fura. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ni ó dùn mí jù. Olùkọ́ ni mí ní Adó-Èkìtì, orí ìdúró ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, orúnkún sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Òkè tí ó wà lọ́nà ilé wa, tí mo ti ń gùn láti ọjọ́ pípẹ́, ti di ohun tí mo ń dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gùn ún tán.

Àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní n kò jẹ iyán mọ́, nínú ilé Èkìtì! Ògì tí kò ní ṣúgà ni mo ń mu láàárọ̀, kùkúńbà ni mo ń jẹ lálẹ́, mo sì ń mu àgbo kan tí wọ́n ní ó máa ń fa ikùn wọlé, bẹ́ẹ̀ ọmọ ṣì ń mu ọmú lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, òòyì kọ́ mi níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì di pátákó ìkọ̀wé mú kí n má baà ṣubú. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá, mo dìde lórí ibùsùn, mo lọ sí ilé ìdáná, mo sì jẹ iyán àjẹṣẹ́kù tí ó ti tutù láìsí ọbẹ̀, lórí ìdúró, nínú òkùnkùn.

Nọ́ọ̀sì kan ni mo sọ ọ́ fún. Ó ní, “Ìyá Dáre, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ebi pa ara yín. Ẹ̀yin ni ẹ ń fún ọmọ lọ́mú.” Ó ṣàlàyé fún mi pé ara tí ó ń ṣe omi ọmú máa ń ná tó kálórì 500 lójúmọ́ lórí iṣẹ́ náà nígbà tí ó bá jẹ́ pé ọmú nìkan ni ọmọ ń mu. Ó ní kí n fi àgbo náà sílẹ̀, torí pé púpọ̀ nínú ohun tí ìyá bá mu ni ó lè dé inú omi ọmú, àti pé bí mo bá ń dín ààbọ̀ kílò kù ní ọ̀sẹ̀ kan, ó ti tó, kódà bí kò bá tó bẹ́ẹ̀ kí n má ṣe bínú. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n má tíì yí ohunkóhun padà, kí n kàn máa kọ gbogbo ohun tí mo bá jẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Mo kọ ọ́, àmọ́ ohun tí mo kọ kò pọ̀ tó ohun tí ó wà lára mi. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó rí i pé ohun tí mo bá jókòó jẹ nìkan ni mo ń kọ. N kò ka ohun tí mo ń jẹ lórí ìdúró sí oúnjẹ rárá. Ní ọjọ́ Sátidé, mo gbé abọ́ oníderí kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń fọ abọ́, mo sì pinnu pé gbogbo àjẹkù ọmọ tí ọwọ́ mi bá fẹ́ gbé sẹ́nu, inú rẹ̀ ni kí n dà á sí. Nígbà tí mo ṣí i lálẹ́, mo rí etí búrẹ́dì mẹ́ta, ọ̀kan ti rin nínú tíì, ààbọ̀ ẹyin sísè, àkàrà kan àti ilàjì, dòdò mẹ́rin, ìrẹsì tí ó tó ṣíbí ìjẹun mẹ́fà, àti òkèlè iyán méjì tí ẹ̀gúsí ti gbẹ mọ́ lára, tí àmì ìka ọmọ ọdún mẹ́ta ṣì wà lórí rẹ̀. Oúnjẹ àgbàlagbà kan ni. Mo jókòó ti abọ́ náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń jẹ ẹ̀ẹ̀kẹrin lójúmọ́ láìmọ̀.

N kò bá ara mi wí, torí mo mọ ibi tí ó ti wá. Ìyá mi kò gbà kí a da oúnjẹ nù, èmi náà kò sì lè ṣe é. Ohun tí mo yí padà ni bí mo ṣe ń bu oúnjẹ: díẹ̀ ni mo ń kọ́kọ́ bù fún àwọn ọmọ, bí kò bá yó wọn, wọn a béèrè sí i. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù nínú ìkòkò a wọ fíríìjì, èyí tí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn a di ti àwọn adìyẹ. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, mo gbà pé èyí ni ó ṣiṣẹ́ jù.

Epo ni ó tẹ̀ lé e. Ṣíbí ìjẹun kan epo, ìbáà jẹ́ epo pupa tàbí òróró, ní tó kálórì 120. Inú kẹ́ẹ̀gì ni mo ti ń da tèmi sínú ìkòkò tààrà, nígbà tí mo sì fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, mẹ́sàn-án ni. Mo dín in sí mẹ́rin, mo sì fi ìdì ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kan kún ti tẹ́lẹ̀. Ìyá ọkọ mi wo ọbẹ̀ náà, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ṣé epo tán nílé ni?” Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Rárá o, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ wò ná.” Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọn kò sì sọ̀rọ̀ epo mọ́.

Iyán náà padà sórí tábìlì. Ọ̀sán ni mo ń jẹ ẹ́ báyìí, ó sì tó ìkúùkù mi kan, níbi tí ó ti máa ń tó méjì tẹ́lẹ̀.

Ní ti ìrìn, mo fi ọ̀kadà sílẹ̀ nígbà tí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ìṣẹ́jú 25 ni ìrìn náà, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, bí mo bá sì fi ìrìn ọjà Sátidé kún un, ó ń lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 150 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Ọmọ mi ti ń lọ sí ọdún kan nígbà náà. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pàápàá ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ nígbà àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Kò lọ geerege. Kílò kan àtààbọ̀ ni ó lọ ní oṣù àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà òṣùwọ̀n dúró gbọnin fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Eyín ni ọmọ ń hù nígbà náà, n kò rí oorun sùn, bí n kò bá sì ti sùn, gbogbo ohun dídùn ni ọkàn mi máa ń fà sí. Ìgbà tí ọkọ mi gbà láti máa gbé ọmọ láti aago mẹ́rin ìdájí ni ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, kílò méjì padà wá pẹ̀lú ìnáwó àti àlejò, ó sì di ìparí oṣù Kejì kí ó tó lọ.

Lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá, mo dé kílò 77, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. N kò lépa 71. Mo ń gun òkè wa láìdúró, abọ́ oníderí náà sì wà níbi tí mo gbé e sí. Dáre ni ó ń gbé e lọ bá àwọn adìyẹ ní ìrọ̀lẹ́.