Ọdún tí mo wá alárenà fún ìwé mi

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Ní oṣù Kìíní, mo kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà tó wà ní ilé ìdáná mi pé: "Kí oṣù Kẹta tó parí, ìwé ti dé ọwọ́ ejẹ́ǹtì." Oṣù Kẹsàn-án ló tó kúrò lọ́wọ́ mi. Ibi tí oṣù mẹ́fà yẹn wọlẹ̀ sí ni mo fẹ́ rò fún yín.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York kì í sábà gba ìtàn àròsọ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀. Ejẹ́ǹtì ni yóò gbé e lọ bá wọn. Alárenà ni, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ alárenà tiwa a máa yẹ̀ba bójú bá ti mojú tán. Tiwọn kì í yẹ̀ba. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni tirẹ̀ nínú owó tí ìwé náà bá pa fún òǹkọ̀wé, ó sì sábà máa ń di 20 tí wọ́n bá tà á sí ilẹ̀ mìíràn. N ò bínú sí i. Ẹni tó bá bá mi rí ọkọ gidi fún ọmọ mi, kó máa wá jẹun nílé mi títí ayé.

Ìwé mi dá lórí Ṣadé, obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, àmọ́ Yorùbá ni gbogbo wọn ń sọ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ 141,000 ni nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ láàárín 80,000 sí 100,000 ni ọ̀pọ̀ ejẹ́ǹtì ń retí fún ìwé àkọ́kọ́. Mo rò pé gígé lásán ni, àṣé sìnọ́písì ń dúró dè mí.

Sìnọ́písì ni ojú ewé kan tí o máa fi ro gbogbo ìtàn náà tán, títí kan ẹni tó kú àti ohun tó pa á. Ara mi kọ̀ ọ́. Èmi tí wọ́n fi àlọ́ tọ́, kí n jókòó máa sọ ibi tí Ìjàpá kàgbákò sí kí ẹnikẹ́ni tó gberin! Mo kọ ọ́ ṣá ní Sátidé kan nínú oṣù Kejì. Nígbà tí mo kà á, mo ka "lẹ́yìn náà" mọ́kànlá lójú ewé kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà Ṣadé lọ sí Kánò. Lẹ́yìn náà Ṣadé dé. Lẹ́yìn náà àbúrò rẹ̀ ṣègbéyàwó. Kò sí "nítorí náà" kan bó ti wù ó kéré mọ. Láti orí keje dé orí kẹrìnlá, Ṣadé mi kò pinnu ohunkóhun, ayé kàn ń gbé e kiri bí ìdì aṣọ ni. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ ìwé yẹn, ojú ewé kan ló tú àṣírí rẹ̀.

Orí mẹ́jọ yẹn gba oṣù mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Ìrìn àjò Kánò wà nínú fáìlì kan tí mo pè ní "Ìtẹ́ òkú". Ó ṣì ń dùn mí.

Bí mo ṣe ń gé e lọ ni mo rí ìwà kan tí mò ń hù láìmọ̀. Ní orí kejì, ìyá Ṣadé gbé àmàlà síwájú rẹ̀, mo wá tẹ̀ lé e pé oúnjẹ dúdú tí a fi èlùbọ́ iṣu rò ni. Ta ni mò ń sọ fún? Ọmọ tó ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà tí eyín rẹ̀ ti yọ? Mo wá irú rẹ̀ kiri inú ìwé náà, mo rí mọ́kàndínlógójì. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, àfi èyí tó wà lẹ́nu ọmọ tí wọ́n bí sí Manchester, torí pé òun ò mọ̀ lóòótọ́.

Ó wá ku àmì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Leeds bá mi ṣí fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ló bá fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ibi tí opó kan ti ń sunkún pé "Ọkọ mi ò ní padà wá mọ́", àmì ìsàlẹ̀ ti já bọ́ lọ́nà. Oko ni obìnrin ọ̀hún ń sunkún lé lórí. Fọ́ńtì ọ̀fẹ́ kan tí mo fà wálẹ̀ ni mo fi tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kò sì ní in. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú Times New Roman, 12, pẹ̀lú àlàfo méjì láàárín ìlà, mo sì yẹ gbogbo orúkọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni, àti epo jẹnẹrétọ̀. Ẹnìkan ní kí n kúkú yọ àmì náà kí ọ̀rọ̀ tán. N ò dá a lóhùn.

N ò ní pẹ́ lórí lẹ́tà tí mo kọ sí àwọn ejẹ́ǹtì. Orúkọ ìwé, iye ọ̀rọ̀, ìtàn ní ìpínrọ̀ kan tàbí méjì, ìwé tuntun méjì tí tèmi fara jọ, àti irú ẹni tí mo jẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo kọ gùn jù. Ìlà méjì ló kù nínú rẹ̀. Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù ń béèrè pẹ̀lú sìnọ́písì. Àwọn ti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ ojú ewé márùn-ún tàbí mẹ́wàá tí o lẹ̀ mọ́ inú ímeèlì gan-an, torí wọn kì í fẹ́ ṣí fáìlì àlejò.

Ọ̀kan tó pe ara rẹ̀ ní ejẹ́ǹtì fèsì láàárín wákàtí méjì. Ó ní iṣẹ́ ńlá ni mo ṣe, kí n fi 250 dọ́là ránṣẹ́ fún owó ìkàwé. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó rántí pé ejẹ́ǹtì gidi kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni kó tó tàwé. N ò kà á mọ́ àwọn yòókù.

Àwọn yòókù jẹ́ 14, méje ní oṣù Kẹsàn-án, méje ní oṣù Kẹwàá. Márùn-ún ní àwọn ò fẹ́. Mẹ́rin nínú wọn fi lẹ́tà kan náà tí wọ́n fi ń dá gbogbo ayé lóhùn dá mi lóhùn. Ẹ̀karùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà falẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Mo tún orí kìíní ṣe, ó wá bẹ̀rẹ̀ níbi tí Ṣadé ti ń wọn aṣọ fún oníbàárà, tó ń rọra jí ìka mẹ́rin lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ ò sọ nǹkan kan. Ẹyọ kan, ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, ní kí n fi gbogbo ìwé náà ránṣẹ́. Iwájú aláta ní ọjà Bódìjà ni mo ti ka ímeèlì yẹn, mo sì gbàgbé ṣéńjì mi síbẹ̀.

Láti oṣù Karùn-ún ni mo ti ń ka ìwé náà sí Màmá mi létí, tí mò ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Aláṣọ ni wọ́n nígbà kan rí, wọ́n sì ní àwọn ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí. Láràárọ̀ ni wọ́n ń béèrè bóyá òyìnbó yẹn ti dáhùn. Lánàá mo ní wọ́n ti ti ọ́fíìsì fún Kérésì, ó di ọdún tuntun. Wọ́n ní kí n tún orí kìíní yẹn kà fún àwọn. Mo kà á dé ibi tí wọ́n ti ń wọn aṣọ, ni wọ́n bá dá mi dúró.

"Ìka mẹ́rin pọ̀ jù. Oníbàárà á fura. Kọ ọ́ sí méjì."

Ìka mẹ́rin ló wà nínú èyí tí mo fi ránṣẹ́.