Ó Yó, Kò Dàgbà

Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà mí lọ́kàn. Màmá tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ wo àwọn abọ́ méjèèjì tí mo ti ń sin ọmọ kòkòrò, wọ́n sì sọ fún ọmọ-ọmọ wọn pé, “Wo eléyìí, ó yó, kò dàgbà.” Wọn kò mọ̀ pé mo gbọ́.

Abọ́ kejì ni wọ́n ń wò, níbi tí mo ti ń fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó àgbàdo bọ́ àwọn ọmọ kòkòrò pupa alámì dúdú tí Òyìnbó ń pè ní ladybird. Wọ́n ń jẹ ẹ́, ikùn wọn sì pọ́n rùsúrùsú, ṣùgbọ́n awọ tí wọ́n wọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ń jẹ kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tó máa ń fa omi ara ẹ̀wà ti bọ́ awọ, wọ́n sì ti gùn jù wọ́n lọ dáadáa. Mo tẹjú mọ́ ọ̀kan ní òwúrọ̀ yìí: ó fi ẹnu gbá kòkòrò dúdú kan mú, ó gbé e sókè kúrò lórí ewé, ó sì ń fa omi inú rẹ̀ títí tó fi ku awọ nìkan.

Ó yó, kò dàgbà. Ẹ̀bi lẹ́búlẹ́bú kọ́, nítorí pé Coleomegilla maculata, ladybird kan ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lè fi lẹ́búlẹ́bú àgbàdo nìkan dàgbà títí yóò fi hu ìyẹ́. Ẹran pàápàá kò dọ́gba: ní Yúróòpù, májèlé ni Megoura viciae, irú kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ara ẹ̀wà, jẹ́ fún ladybird alámì 2, Adalia bipunctata, bẹ́ẹ̀ ladybird alámì 7, Coccinella septempunctata, ń jẹ ẹ́, kò sì kú.

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án. N kò jáde.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìgbà èwe nìkan ni kòkòrò yìí fi ń tóbi. Bí ó bá ti jáde pẹ̀lú ìyẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, bó ṣe kéré tó ni yóò ṣe kéré títí yóò fi kú, bó tilẹ̀ wá rí oúnjẹ rẹpẹtẹ. Ẹyin rẹ̀ kì í sì í sábà pọ̀ tó ti àwọn tó jẹun kánú ní kékeré. Èmi kò lè fara mọ́ èyí.

Àbí mo ń le jù? Lẹ́búlẹ́bú yìí náà ló gbé wọn ró di òní. Nínú oko, kì í ṣe ìgbà gbogbo ni kòkòrò dúdú máa ń wà lára ẹ̀wà, òjò ńlá sì lè gbá wọn dànù. Bí kò bá sí ohun mìíràn, ọmọ ìyá kan náà a máa pa ara wọn jẹ. Ó yó, kò dàgbà, ṣùgbọ́n kò kú, kò sì jẹ àbúrò rẹ̀…

Lọ́la, màá kó ìdajì wọn sórí ewé ẹ̀wà tí kòkòrò wà. Bí wọ́n bá bọ́ awọ, mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọn yóò tóbi tó ẹgbẹ́ wọn kí wọ́n tó hu ìyẹ́, tàbí wọn yóò kàn jáde bẹ́ẹ̀ ní kékeré.