Ẹ má tíì ká aṣọ funfun yẹn o

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ọdún Àjíǹde o. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa wò mí pé kí ló ń ṣe bọ̀dá yìí, ṣebí ọdún ti parí, ṣebí Mọ́ńdè tá a lọ Gálílì la fi dágbére fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ọdún 11 ni mo fi ṣe akọ̀wé ìjọ Lutheran wa kékeré yìí, èmi náà ni mo tún ń tọ́jú pẹpẹ, torí níbi tí èèyàn ò bá ti pọ̀, ẹni tó ń kọ mínìtì náà ni yóò gbálẹ̀, òun náà ni yóò lọ ra epo jẹnẹrétọ̀. Iṣẹ́ ti fẹ́ gbé mi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, ẹ̀yin mẹ́ta lẹ máa gba àpótí pẹpẹ lọ́wọ́ mi, mo sì ti fún yín ní kọ́kọ́rọ́, àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí ò sí nínú àpótí.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi àṣìṣe mi bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́, mo ṣiṣẹ́ bí ẹni máa kú láti Sọ́ńdè Ọ̀pẹ. Mo wá imọ̀ ọ̀pẹ, mo yá àga, alẹ́ Tọ́sìdé a kó gbogbo aṣọ kúrò lórí pẹpẹ títí tó fi wà lásán, alẹ́ Sátidé a dáná síta, a tan àbẹ́là ńlá lára iná yẹn, a gbé e wọlé nínú òkùnkùn (NEPA ti bá wa ṣe ìyẹn látàárọ̀, a ò tiẹ̀ ní láti pa gílóòbù kankan). Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Sọ́ńdè, èèyàn 63 ló wà nínú kíláàsì tá a ti ń jọ́sìn, tí kò yẹ kó gbà ju 30 lọ. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Ló bá di Túsìdé, mo ká aṣọ funfun, mo fọ̀ ọ́, mo fi náílọ́ọ̀nù di àbẹ́là, mo tẹ́ aṣọ àwọ̀ ewé padà sórí pẹpẹ, mo wò ó, mo ní àgbà akọ̀wé ni mí.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, èèyàn mẹ́sàn-án ló wá. Bàbá wa tó wá láti apá Àdámáwá, tí Haúsá ṣì ń yọjú nínú Yorùbá ẹnu wọn, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ dé. Wọ́n dúró níwájú pẹpẹ, wọn ò jókòó. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ ti sin Ín padà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọdún Àjíǹde kì í ṣe ọjọ́ kan. Ọjọ́ 50 ni. Láti àárọ̀ Àjíǹde títí dé Pẹ́ńtíkọ́sì, ọdún kan náà ni, Ìgòkè Re Ọ̀run sì wà láàárín ẹ̀, Tọ́sìdé tó bọ́ sí ogójì ọjọ́. Ẹ mú 2025 bí àpẹẹrẹ, Àjíǹde bọ́ sí April 20, Ìgòkè bọ́ sí May 29, Pẹ́ńtíkọ́sì bọ́ sí June 8, gbogbo àsìkò yẹn funfun ló gbọ́dọ̀ wà lórí pẹpẹ, pupa lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, funfun tún padà wá lọ́jọ́ Mẹ́talọ́kan, lẹ́yìn ìyẹn la tó lè máa sọ̀rọ̀ àwọ̀ ewé. Bàbá yẹn ní, "Ogójì ọjọ́ la fi gbààwẹ̀, àádọ́ta la fi ń jọ̀dún. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò." Mo ṣírò ẹ̀. Àwa tá a ti Halelúyà mọ́nú látọjọ́ Eléérú, tá ò kọ ọ́ rárá, ká wá kọ ọ́ ní Sọ́ńdè kan ṣoṣo, ká lọ jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù ní Gálílì, ká wá ti ilẹ̀kùn, ó dà bí ẹni tó fi ọdún mẹ́ta kọ́lé tó wá sun ibẹ̀ mọ́jú ẹyọ kan. Mi ò sì ní kẹ́ ẹ má lọ Gálílì o. Áńgẹ́lì fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n lọ síbẹ̀, pé Jésù ti ṣáájú wọn lọ, mo kàn ń bi yín pé nígbà tẹ́ ẹ débẹ̀, ta lẹ rí?

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìjọ yìí ti wá, torí ìjà tó máa ń wà nínú ẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń jáde. Ká má tanra wa jẹ, Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété kì í ṣe ìlú Lutheran, ìlú Onítẹ̀bọmi ni. Látọdún 1855 tí Bowen, míṣọ́nnárì wọn, ti wá síbí, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ pásítọ̀ wọn sì ti wà látọdún 1898, èmi fúnra mi inú ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ìyá mi ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ìgbà tí mo lọ ṣe kọ́pà ní Akwa Ibom ni mo bá Lutheran pàdé. Lọ́dún 1936 ni míṣọ́nnárì Henry Nau dé sọ́dọ̀ wọn láti Amẹ́ríkà, kì í sì í ṣe pé òyìnbó kàn já lù wọ́n, àwọn ará Ibesikpo fúnra wọn ló ránṣẹ́ pè é. Ti àwọn bàbá wa Àdámáwá yàtọ̀, àwọn ará Denmark ló mú tiwọn dé Numan lọ́dún 1913. Nígbà tí sítúdẹ́ǹtì, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba láti ibi méjèèjì wá pàdé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwa Yorùbá bíi mélòó kan kún un, ẹ ò rí i pé kálukú ti gbé àṣà tiẹ̀ lọ́wọ́ dé.

Bí ìjà àbẹ́là ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan ní ọjọ́ Ìgòkè la gbọ́dọ̀ pa àbẹ́là ńlá, tá a bá ti ka Ìhìnrere tán, torí òun ló dúró fún Jésù tó jíǹde, Olúwa sì ti gòkè lọ. Àwọn kan ní ó dìgbà Pẹ́ńtíkọ́sì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi jà á lórí WhatsApp, voice note oníṣẹ́jú mẹ́fà-mẹ́fà, ẹnì kan jáde ní grúùpù, ẹnì kan lóun ò san owó jẹnẹrétọ̀ mọ́. Èèyàn bí ogún péré la jẹ́ o! Èmi náà wà níbẹ̀ tí mò ń da epo síná, torí mo ti kàwé díẹ̀, mo fẹ́ káyé mọ̀. Ìgbà tí pásítọ̀ tó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù dé, wọn ò dá ẹjọ́ àbẹ́là rárá. Wọ́n ṣí Ìjẹ́wọ́ Augsburg, ìwé ìgbàgbọ́ àwa Lutheran, ti 1530, abala keje, wọ́n kà á fún wa pé fún ìṣọ̀kan ìjọ, ó tó tá a bá fohùn ṣọ̀kan lórí Ìhìnrere àti bí a ṣe ń ṣe sákírámẹ́ǹtì, pé kò di dandan kí àṣà tí èèyàn dá sílẹ̀ rí bákan náà níbi gbogbo. Wọ́n pa ìwé dé, wọ́n ní, "Ó tó. Ẹ gbọ́, ó tó." Ọdún yẹn a pa á ní Pẹ́ńtíkọ́sì. Lójú tèmi o, Ìgòkè ṣì ni, àmọ́ mo ti fi sínú, ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ bá ní èrò lórí àbẹ́là, ẹ fi sínú.

Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ńkọ́? Nínú àtòjọ ọlọ́dún mẹ́ta tá à ń lò, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì la fi ń rọ́pò Májẹ̀mú Láéláé ní gbogbo Sọ́ńdè Àjíǹde yìí, torí náà ẹ má lọ fún ẹnikẹ́ni ní Aísáyà bí èmi ṣe ṣe lọ́dún kejì. Kẹ́ ẹ sì fún ẹni tó máa kàwé ní ìwé ẹ̀ láti Tọ́sìdé, kẹ́ ẹ jẹ́ kó kà á sókè létí yín ní Sátidé. Mo mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ní LAUTECH, ó dìde láàárọ̀ Àjíǹde, ó dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé àtijọ́, "Ẽṣe ti ẹnyin fi nwá alãye lãrin awọn okú," ojú ẹ̀ bá àmì tó wà lórí a yẹn, ó dúró. Ó ní "ala... ala..." ó wò mí. Gbólóhùn tí gbogbo ọdún rọ̀ mọ́ ló há sí i lọ́fun. Ẹ̀bi tèmi ni, ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú ni mo fi ìwé lé e lọ́wọ́. Ó sì dùn mí torí Bíbélì yẹn, iṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí ló wà nídìí ẹ̀, Àjàyí Crowther ọmọ Òṣogùn, ọdún 1884 ni odindi ẹ̀ jáde. Ohun tí Luther, tí ìjọ wa ń jẹ́ orúkọ ẹ̀, náà ṣe fáwọn ará Jámánì nìyẹn, Májẹ̀mú Tuntun ní 1522, odindi Bíbélì ní 1534, ó ní kí èèyàn lọ fetí sí ìyá nínú ilé, ọmọdé ní títì, àti ọkùnrin ní ọjà, kó wo bí ẹnu wọn ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tó bá ń kàwé tí ìyá alágbo tó jókòó lẹ́yìn ò gbọ́ nǹkan kan, kí ló kà?

Sọ́ńdè Tọ́másì wá ló le jù fún mi láti sọ. Ìyẹn Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé Àjíǹde, ọdọọdún la máa ń ka Jòhánù 20 lọ́jọ́ náà, ẹsẹ 19 sí 31, kì í yí padà. Lọ́dún kan, bọ̀bọ́ kan tí a ò rí látìgbà tí wọ́n ti sin ìyá ẹ̀ yọ sí wa láàárọ̀ yẹn. Èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Dípò kí n kí i dáadáa, mo ní, "Àà, àlejò pàtàkì! Ṣé ọ̀nà ló dí ni? Ọdún ti lọ o, a ti jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù tán." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Èmi kan náà ni mo dìde ka Ìhìnrere torí pásítọ̀ ò sí, mo ń kà á pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, tí ilẹ̀kùn tún wà ní títì, Jésù wá, ó dúró láàárín wọn, ó ní "Àlàáfíà fún yín," ó sì kọjú sí Tọ́másì. Mo gbójú sókè, àga ẹ̀yìn ti ṣófo.

Ọdún méjì la ò fi rí i.

Ẹ rò ó wò o. Ẹni kan ṣoṣo ni ò sí nílé nígbà àkọ́kọ́, Olúwa tún tìtorí ẹ̀ padà wá, kò bú u, kò bi í pé níbo lo wà látọjọ́ yìí, ọwọ́ tí wọ́n fi ìṣó lu ló nà sí i. Èmi tí mo kàn mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ aṣọ ló ń fi ẹnu ṣe ṣàkàṣàkà fún ọmọ tí ìyá ẹ̀ kú. Nígbà tó yá mo lọ bá pásítọ̀, mo jẹ́wọ́ ẹ̀, torí àwa Lutheran ò pa ìjẹ́wọ́ ìdákọ́ńkọ́ tì bí àwọn kan ṣe rò, ó wà nínú Kátíkísìmù Kékeré, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tí Luther kọ, ẹsẹ 23 nínú Jòhánù yẹn kan náà ló dúró lé. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ mi ti rí ìdáríjì, wọ́n wá ní, "Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ńkọ́, ṣó o mọ̀ ọ́n?" Ìtòsí Tákíè ni, ó ń tún fóònù ṣe. Mo lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tiẹ̀ rántí mọ́." Irọ́ ni, àwa méjèèjì mọ̀. Kò wá ní Sọ́ńdè yẹn, kò wá ní Sọ́ńdè kejì ẹ̀, ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni, òjò ń rọ̀, àwa méje péré la wà níbẹ̀, ló bá wọlé, ara ẹ̀ tutù jìnnìjìnnì. Mi ò sọ ju "Ẹ káàbọ̀" lọ. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló ń bá wa tún sípíkà ṣe.

Ní ti ìsàmì ọmọ ọwọ́, ẹ má bá ará ìlú yìí jiyàn, ẹ ò lè borí wọn, wọn ò sì lè borí yín. Nígbà tá a fẹ́ sàmì fún ọmọ mi lálẹ́ Àjíǹde, ìyá mi lóun ò wá, pé ọmọ tí ò lè sọ̀rọ̀ kí ló fẹ́ jẹ́wọ́. Mi ò jà. Mo kàn ka Róòmù 6 ẹsẹ 4 fún wọn bí Kátíkísìmù ṣe kọ ọ́, pé a ti sin wá pẹ̀lú Rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyẹn làwa náà ń kà kí wọ́n tó ri èèyàn sómi." Mo ní ẹ̀n-ẹ́n. Wọ́n wá. Wọ́n jókòó, wọ́n di apá, àmọ́ nígbà tá a ké pé "Kristi ti jíǹde," ohùn wọn ló ga jù nínú "Ó ti jíǹde nítòótọ́."

Ó ku nǹkan kékeré. Ẹ ra àbẹ́là ṣáájú kí owó ẹ̀ tó gbéra. Ẹ máa ṣe ìsìn Ìgòkè bó tilẹ̀ jẹ́ Tọ́sìdé, mo ti ṣe é rí pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin. Aṣọ funfun, ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín Pẹ́ńtíkọ́sì àti Mẹ́talọ́kan nìkan lẹ ráyè fọ̀ ọ́, ẹ yáa fọ̀ ọ́ ní Mọ́ńdè kó lè gbẹ, torí òjò June. Níbi tí àbẹ́là bá ti kán sí i, ẹ má fi èékánná ha á, mo ti fìyẹn ya á lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa rí ibi tí ìyàwó mi ti rán an lápá ọ̀tún. Ẹ tẹ́ bébà bíi méjì lé e, kẹ́ ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bébà á fa gbogbo ẹ̀ mu.