Kòkòrò Lókè Iná

Ọjọ́rú

Òjò ò jẹ́ kí n jáde lónìí, ìwé fìlọ́sọ́fì ni mo kà títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa nílé ìwé, Edmund Gettier, ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi gbogbo ẹnu pè. Lọ́dún 1963, ó fi àpilẹ̀kọ ojú ewé mẹ́ta péré da ọ̀rọ̀ rú: ó ní èèyàn lè gba ohun kan gbọ́, kí ohun náà jóòótọ́, kó sì nídìí gidi tó fi gbà á gbọ́, síbẹ̀ kó má tíì mọ̀ ọ́n.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ Dharmottara fún wa. Onísìn Búdà ni, Kashmir ní ilẹ̀ Íńdíà àtijọ́ ló ti kọ̀wé, ó sì lé ní 1,100 ọdún kí Gettier tó gbé kálàmù. Ó ní àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná láti sun ẹran. Iná ti ràn, kò tíì rú èéfín, àmọ́ òórùn ẹran ti fa kòkòrò, wọ́n ṣù dúdú sókè rẹ̀. Ẹnì kan rí i lókèèrè, ó ní, "Èéfín nìyẹn, iná ń jó níbẹ̀." Iná sì ń jó lóòótọ́! Ṣé ó mọ̀ ni, àbí ó kàn ṣe kòńgẹ́?

Àwọn Nyaya, ẹgbẹ́ onífìlọ́sọ́fì kan ní Íńdíà, tí wọn kì í gbà fún onísìn Búdà bọ̀rọ̀, á ní kó kọ́kọ́ sọ ibi tó gbé ìmọ̀ rẹ̀ gbà. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n kà: ohun tá a fojú rí, èyí tá a rò débẹ̀, ìfiwéra, àti ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣeé gbára lé. Àwọn Carvaka, ẹgbẹ́ onífìlọ́sọ́fì mìíràn ní Íńdíà, ní ojú nìkan tó. Onísìn Búdà gba méjì àkọ́kọ́.

Ìkẹrin yẹn ni mo fẹ́ràn jù. John Locke, onífìlọ́sọ́fì ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ní èrò ẹlòmíì tó wà lórí wa kò sọ wá di onímọ̀ rárá. Háà! Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ńkọ́? Ojú mi kọ́ ló ṣe é, ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ àwọn Nyaya ò gba ẹnu gbogbo ènìyàn: ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń sọ, kó sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nítorí náà, bí ọkùnrin tó rí kòkòrò bá rán ọmọ lọ fọn iná wá níbẹ̀, tọ́mọ gbà á gbọ́, ọmọ náà ò tíì mọ̀ títí yóò fi débẹ̀. Mo fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ ń dùn mí fún ọmọ náà.