Tópò, oko àgbọn àwọn fádà

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ Tópò lẹ́nu ìyá mi àgbà. Ọmọ ìjọ Àgùdà paraku ni màmá. Bí wọ́n bá ti ń fọ́ àgbọn nílé, wọ́n á ní, "Ẹ ò tíì rí àgbọn. Ẹ lọ sí oko àwọn fádà ní Tópò." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé Àgbádárìgì lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ilẹ̀ iyanrìn ni. Mo bọ́ bàtà sọ́wọ́. Igi àgbọn tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn ga débi pé mo ní láti di gèlè mi mú kí n tó lè rí orí rẹ̀. Ara rẹ̀ rí òrùka òrùka, ojú àpá ibi tí imọ̀ ti já bọ́ lọ́dọọdún.

Ọdún 1876 ni àwọn fádà SMA, ẹgbẹ́ àwọn fádà ajíhìnrere fún ilẹ̀ Áfíríkà, láti ilẹ̀ Faransé dá oko náà sílẹ̀, kí ìjọ lè rí ohun tí wọ́n á fi bọ́ ara wọn, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgbàgbọ́ sì rí ilẹ̀ gbé, kí wọ́n rí ilẹ̀ ro. Ogún ọdún péré ni ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn. Bíṣọ́ọ̀bù Marion Brésillac tó dá a sílẹ̀ ní Lyon lọ́dún 1856 ti kú ní Freetown lọ́dún 1859. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ló pa á.

Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé ọmọ ìjọ ti wà kí fádà tó dé. Nígbà tí Fádà Borghero, ọmọ ẹgbẹ́ SMA tó wà ní Ouidah ní ilẹ̀ Dahomey (Benin òde òní), wá sí Èkó lọ́dún 1863, ó bá àwọn Àgùdà nílẹ̀, àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíìlì padà wálé. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pádírè Antonio ló ń kó wọn jọ gbàdúrà. Òun náà ti ṣẹrú rí, kò sì gboyè àlùfáà. Ọdún 1868 ni fádà tó jókòó ti ìjọ Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Orúkọ àwọn tó ti dúró dè é yẹn la ṣì fi ń pe ìjọ wa dòní. Lójú tèmi, ó yẹ ká máa dárúkọ Antonio lọ́jọ́ tí a bá ń gbàdúrà fún àwọn òkú.

Bàbá Ègùn kan fún mi ní àgbọn méjì, wọn ò gbowó. Nígbà tí mo délé, màmá gbé ọ̀kan sétí, wọ́n mì ín, wọ́n sì ń gbọ́ omi inú rẹ̀.