Onígun mẹ́rin tí kò gún régé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ kíláàsì, lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo onígun mẹ́rin tí mo yà sójú pátákó ló jọ ilẹ̀kùn. Mo ní kí àwọn ọmọ ro igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, 360 dígírì ni. Wọ́n gbà. Ọjọ́ tí mo wá ya èyí tó wọ́, ọmọbìnrin kan ní, "Àǹtí, èyí ò lè jẹ́ 360, kò sí 90 kankan nínú ẹ̀." 90 lọ́nà mẹ́rin ló há sórí, èmi ni mo sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, páálí àti sísọ́ọ̀sì ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ gé onígun mẹ́rin tó bá wù ú, bó ti wù kó wọ́ tó. Kó fi báírò kun igun kọ̀ọ̀kan kó tó fà wọ́n ya. Ẹ má fojú kéré èyí o, torí ojú ibi tó ti fà á ya á di igun tuntun, kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kó wá to ṣóńṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sójú kan. Wọ́n á yí po, àlàfo ò ní sí. Ẹ má tíì dárúkọ 360.

Lẹ́yìn náà, kó fa ìlà láti igun kan sí èyí tó kọjú sí i: onígun mẹ́ta méjì, tí àròpọ̀ igun ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 180, 180 lọ́nà méjì. Ibí ni ọmọkùnrin kan ti dá mi dúró. Ó fa ìlà méjèèjì, ó rí onígun mẹ́ta mẹ́rin, ó gbé 720 wá. Mo ti mú báírò pupa! Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ní kó fìka kan gbogbo igun tó kà. Nígbà tí ìka rẹ̀ dé àárín, níbi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, ó bú sẹ́rìn-ín. Igun mẹ́rin tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti páálí, àwọn ló kó 360 lé e.

Ní ti protractor tí a fi ń wọn igun, nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ ń bọ̀, ọmọ á ka 60 sí 120. Kó kọ́kọ́ fojú wọ̀n ọ́n: ṣé ó fẹ̀ ju igun ìwé lọ ni àbí kò tó o? Bí àròpọ̀ rẹ̀ bá sì jẹ́ 358, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń yí nọ́ńbà kó lè bá yín mu kò wọn nǹkan kan.

Bí ẹnì kan bá gé èyí tó wọnú bí orí ọfà, ẹ má kọ̀ ọ́. Igun ibi tó wọnú yẹn ju 180 lọ. Láti ibẹ̀ ni kó ti fa ìlà rẹ̀. Bó bá fà á láti apá kan sí apá kejì, ìta páálí ni ìlà náà máa gbà.